Oríkì Tí Ajíbóyè Kọ̀ Láti Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kì í gbé nínú yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ajíbóyè. Tíṣà ni, ó sì ń kọ ìwé ìtàn. Ilé Ìyá Sewanu ní Mowo ni òun, Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀, àti Láyọ̀ ọmọ wọn ń gbé. Màmá yìí fẹ́ràn wọn bí ọmọ. Ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ó pe Ajíbóyè jókòó.

"Tíṣà, èmi kọ́ ni mo bí Sewanu. Inú mọ́tò tí a jọ wọ̀ bọ̀ láti ẹnubodè Seme ni ìyá rẹ̀ bí i sí, ó sì kú kí a tó dé ibí. A wá ẹbí rẹ̀ títí, a ò rí wọn. Ni mo bá gbé ọmọ. Tó bá ń lọ ilé ọkọ, èmi ni màá fẹnu ara mi sọ fún un. Má jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Kò ní jáde lẹ́nu mi."

Lóòótọ́, kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Bíírò ló gbà jáde.

2. Ó sọ ọ́ di ìwé. Ó yí orúkọ gbogbo èèyàn padà, àmọ́ oríkì tí Màmá fi ń jí Sewanu láràárọ̀, "Ọmọ tí ọ̀nà bí, tí ilé gbà," ó kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí Sewanu mọ̀ ni pé ojú ọ̀nà ni Màmá bí òun sí.

Oyèrónkẹ́ kà á, ó mú un wá bá a. "Bàbá Láyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ oríkì yẹn. Ta tún ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀ láyé yìí?"

"Ibẹ̀ ló dùn jù. Ta ló máa mọ̀?"

3. Ìwé náà gbayì. Yunifásítì kan fún un ní felóṣíìpù: ilé ọ̀fẹ́ àti owó oṣù, kó ṣáà máa kọ ìwé míì fún ọdún kan. Orí rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ó mú Màmá àti Sewanu jókòó síwájú kí wọ́n lè rí iyì òun. Wọ́n ní kó ka díẹ̀ nínú ìwé. Níbi tó dùn jù náà ló ṣí: ó ka oríkì yẹn, ó sì ka bí ìyá ọmọ ṣe kú nínú mọ́tò.

Sewanu yíjú sí Màmá. "Màámi, ṣé èmi ni?"

Màmá na ọwọ́ sí i. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

4. Sewanu kó lọ sí Ijanikin. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀ fún Màmá títí.

"Dìde, Tíṣà. Mi ò bínú. Mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́ ni."

Ajíbóyè wà nínú ilé ọ̀fẹ́ báyìí, kò rí nǹkan kọ. Sewanu ṣì máa ń pe Màmá lórí fóònù. "Ẹ káàsán, mà," ló máa ń wí. Kò pè é ní Màámi mọ́. Màmá á ní, "Pẹ̀lẹ́ o," á gbé fóònù sílẹ̀, á sì máa wo ògiri.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ ilé onílé kiri orí fóònù, mo bẹ̀ yín: àṣírí tí wọ́n fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́ kì í ṣe tiyín. Orúkọ tí ẹ yí padà kò bo nǹkan kan. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tó bá kọ̀, ẹ gbé ẹnu yín dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.