Ẹ̀dà Tí Kellow Fọwọ́ Sí

Òórùn ìtọ̀ ológbò ló kọ́kọ́ kí Lionel Garside káàbọ̀ sílé Màmá Edna Thwaite, létí òkun ní Whitby. Ó fọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìwé àròsọ tó lókìkí ni Garside ń kó jọ, àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ pátá, èyí tí òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí. Ti òǹkọ̀wé Kellow nìkan ni kò ní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá yìí ló ń se oúnjẹ fún Kellow títí òǹkọ̀wé náà fi kú. Ó nu ìpẹ́ ẹja ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó fa ìwé Kellow tí Garside wá rà yọ lábẹ́ ìgò jáàmù, ó ní ọwọ́ Kellow wà nínú rẹ̀ dájúdájú. Ohun tí wọ́n fi yíńkì kọ sára ìgò náà gún régé, ṣùgbọ́n eṣinṣin tó kú sẹ́nu rẹ̀ ni Garside rí. Ìríra gbáà.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ní yíńkì dúdú: “Fún Edna, tó ń bọ́ mi,” orúkọ Kellow sì wà nísàlẹ̀. Garside fi wé fọ́tò ìfọwọ́sí Kellow nínú àwọn ẹ̀dà míì tó mú dání. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tó ṣí orí tó kẹ́yìn ló yínmú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ wúrúwúrú ti ba etí ìwé jẹ́, bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn. Obìnrin ọ̀bùn!

“Ọmọ mi, pẹ́ńsù yẹn...”

“Ẹ má ṣàlàyé, Màmá. Mo mọ ìdọ̀tí tí mo bá rí i.”

“Ìdọ̀tí kẹ̀?”

Ológbò da abọ́ ẹja nù ní ẹ̀yìnkùlé, ni Màmá bá sáré jáde. Garside ò lè gbé irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí àwọn tó ń kó ìwé jọ ti máa ń ṣe, ó yọ rọ́bà rírọ̀ lápò, ó ń pa á rẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń yọ ṣùtì sí i, ó ń fẹ́ èérún rẹ̀ dànù. Nígbà tí Màmá fi máa gbé tíì dé, ojú ìwé ti mọ́ tónítóní.

Màmá wo èérún rọ́bà lórí tábìlì, ó sì rọra jókòó.

“Kellow kì í fẹ́ wàhálà, èmi ni mo máa ń bá a fi yíńkì kọ ọ̀rọ̀ àti orúkọ ẹ̀ sínú gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé wá, títí kan tèmi,” ló wí, “pẹ́ńsù tó o pa rẹ́ yẹn nìkan ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ.”