Ẹ̀rọ Omi Ilé Mọ́rúfù

Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù Bádárù tún dún, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè pè é lásìkò yẹn ju Mọ́rúfù àbúrò rẹ̀ ní Hamburg. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi náà ni. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2009 ló ti ń pè lórí rẹ̀. Oṣù kejì ọdún tuntun ti dé báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì tíì yé Mọ́rúfù.

Ó ti sú Bádárù. Ká má parọ́, ohun gbogbo ló ti sú u. Oṣù kẹwàá ni Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó rẹ̀ kú, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n jọ gbé ní Schöneberg ní Berlin. Láti ìgbà náà ni dókítà ti ń kọ ìwé fún un pé kó máa sinmi, tí ẹlòmíràn sì ń bá a ṣe iṣẹ́ Hausmeister, ìyẹn iṣẹ́ olùtọ́jú ilé, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Àwọn ará mọ́sálásí wá títí, wọ́n ní kó gba kámú. Nígbà tó yá, kò ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́. Mọ́rúfù náà ṣèèṣì sọ fún un lórí fóònù pé kó máa dìde jẹun. Bádárù bi í pé ìgbà wo ló di bàbá òun, ó sì pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ omi ló parí ìjà náà. Mọ́rúfù àti Ọlárónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí àdúgbò Veddel ní Hamburg ni, Bádárù kò sì tíì débẹ̀ rí. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wá ilé ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni Ọlárónkẹ́ ti lóyún. Mọ́rúfù ṣàlàyé pé ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri níta, onílé sì ti kìlọ̀ pé bí omi inú rẹ̀ bá dì tí páìpù bẹ́, kí wọ́n yáa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa omi, ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni òun ní.

Iṣẹ́ tí kò le ni. Èèyàn á wọ Keller abẹ́ ilé lọ, á ti fáàfù páìpù tó lọ síta pa. Á jáde, á ṣí ẹnu ẹ̀rọ kí omi tó ṣẹ́kù lè ṣàn tán. Á padà sínú Keller, á fi sípánà tú ìdè kékeré tó wà lábẹ́ fáàfù náà, á gbé korobá sí i, kí èyí tó fara pamọ́ lè kán dànù. Á wá fi aṣọ gbígbẹ wé ẹnu ẹ̀rọ níta, á sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí òtútù yóò fi lọ. Ó tán. Ṣùgbọ́n tòní pé fáàfù le, tọ̀la pé òun kò mọ apá ibi tí wọ́n ń yí i sí. Èyí tó burú jù ni pé Mọ́rúfù kì í gba àlàyé tí wọ́n bá ṣe fún un látorí ibùsùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ omi ilé tiyín, kí ẹ máa sọ bó ṣe rí fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mu tíì gbígbóná o, minus ten ni wọ́n pe Berlin lónìí."

Bádárù á kùn títí. Á mu tíì náà, á jẹ búrẹ́dì díẹ̀ sí i kí inú má baà run ún, á wọ kóòtù, á sì rọra sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta. Àwọn aládùúgbò á kí i lórí àtẹ̀gùn. Nígbà mìíràn, níwọ̀n ìgbà tó kúkú ti jáde, á gbá yìnyín ẹnu ọ̀nà kúrò. Ọ̀sán á ti pọ́n kó tó gòkè padà, orí á sì ti gbóná débi pé kò ní lè sùn mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Mọ́rúfù ní ẹ̀rọ náà ti ń kán, yìnyín sì ti ń dì mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù ba Bádárù gidi. Òtútù tó ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yóò ju èyí lọ, oṣù kan péré ló sì kù kí Ọlárónkẹ́ bímọ. Ó rò ó pé àbúrò òun yóò gbé ọmọ tuntun kiri nínú yìnyín nítorí ìdè kan tí kò mọ̀ ọ́n tú. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó kó sípánà àti aṣọ gbígbẹ sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Hamburg, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó mọ̀ pé Mọ́rúfù yóò ní kó má ṣe ìyọnu.

Fóònù dún lójú ọ̀nà. Mọ́rúfù bi í bóyá ó ti jí. Bádárù parọ́ pé òun ti wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, pé atẹ́gùn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ti mu tíì?"

"Mo ti mu ún."

"Alhamdulillahi," ni Mọ́rúfù wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bádárù wò ó pé ọ̀rọ̀ omi yìí ti fẹ́ sọ ọmọ náà di wèrè.

Nígbà tó dé Veddel, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. Ilé bíríkì pupa ni. Ó yẹ àwọn aago ẹnu ọ̀nà wò, ó rí orúkọ àbúrò rẹ̀ lókè pátápátá, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ dojú kọ, kíkí lè tẹ̀lé e. Ó yí ilé náà po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fọwọ́ tọ́ ara ògiri lọ. Hausmeister ibẹ̀, ọkùnrin Tọ́kì kan tó ti dàgbà, ń kó yìnyín lẹ́yìnkùlé. Bádárù kí i lédè Jámánì, ó ní kó jọ̀ọ́, kó fi ẹ̀rọ omi ìta han òun kó tó bẹ́ mọ́ àbúrò òun lórí.

Ọkùnrin náà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ dúró, ó ní láti ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti ń tọ́jú ilé náà, kò sí ẹ̀rọ omi kankan níta rẹ̀ rí.