Ta Ni Ráútà Níbí?

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ni ara Ìyá Kọ̀ǹpútà kò ti balẹ̀. Òun ló ń bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà, àwọn kọ̀ǹpútà sì ti ṣìnà. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń kúrò ní yàrá àyẹ̀wò, kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé bí ọ̀nà ò bá là kí àwọn tó ṣíwọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà á gidi, nítorí iṣẹ́ náà ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ta ráútà fún wọn, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà han iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kan ń rán sí òmíràn, ní àwọn ti rán ẹlẹ́rọ kan. Ìyá Kọ̀ǹpútà jókòó, ó dìde, ó ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó sáré bọ́ sí gbọ̀ngàn táwọn àlejò ti ń dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ilé-iṣẹ́ rán wá tún ráútà ṣe nínú yín?”

Ọkùnrin kan tó ti wà lórí àga ẹ̀yìn láti àárọ̀, tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà lé itan, wò ó díẹ̀ kó tó dìde.

“Èmi ni, mà.”

Inú obìnrin náà dùn débi pé ó bá a gbé báàgì. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jókòó bí ìyàwó tuntun nígbà tí iná ń jó òun lórí.

Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún bí ẹni mowó. Kò pẹ́ tó fi ní ẹnì kan ti so ráútà àjèjì mọ́ okùn tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀.

“Bí kọ̀ǹpútà bá jí, mà, á kígbe pé ta ni ráútà níbí. Ẹni tó bá ti dáhùn ló máa kó ẹrù ẹ̀ fún. Kì í béèrè ibi tó ti wá.”

“A jẹ́ pé òmùgọ̀ ni wọ́n.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, obìnrin náà sọ ọ́ fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní láti òní lọ, ọ̀dọ̀ ráútà kan péré ni gbogbo kọ̀ǹpútà á máa gbà kọjá. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó jẹun, ó ní òun ń sáré, ó mu omi, ó sì lọ.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà kó lè na ẹsẹ̀ ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà tẹ̀ ẹ́ láago pé ẹlẹ́rọ tí ilé-iṣẹ́ rán wá ti dé, ó ní kí wọ́n má bínú, ọkọ̀ ló bà jẹ́ mọ́ òun lọ́nà.