Ọjọ́ Mẹ́wàá Bámigbé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan tó ń dá gbé pe nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná ládùúgbò rẹ̀, ó ní ajá òun ti gé òun jẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí àrùn tí ẹ̀fọn, eégbọn àti ẹranko ń kó ran ènìyàn ló ni nọ́ńbà náà. Kò pé wákàtí kan tí ọkùnrin kan fi dé, báàgì léjìká, fáìlì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n wo ọwọ́ yẹn."

Ìyá na ọwọ́ òsì. Ihò kéékèèké mẹ́rin ló wà lókè ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ. Ọkùnrin náà fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́.

"Kò dùn yín?"

"Ó dùn mí díẹ̀. Ẹ rọra, dókítà."

"Èmi kì í ṣe dókítà, mà. Ẹranko ni mò ń yẹ̀ wò."

"Ẹni tó bá di ọwọ́ mi mú báyìí, dókítà ni lójú tèmi."

Ajá náà wà lórí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bámigbé lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ni ìyá sọ ọ́ lórúkọ náà, ọdún kẹrìnlá rèé. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì í, ó kẹ́yìn sí ìyá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó kọ nǹkan sínú fáìlì.

"Ṣé wọn ò ní pa á?" ni ìyá bèèrè. "Òun nìkan ló kù mí kù o."

"Tó bá jẹ́ àrùn dìgbòlugi ló ń ṣe é, àmì ẹ̀ ò ní kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kó tó hàn. Ọjọ́ mẹ́wàá la ó fi máa wò ó."

"Ta ni yóò máa wá wò ó?"

"Èmi ni. Lójoojúmọ́."

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mu tíì."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó.

Aránṣọ tó wà ní ilé kejì ti ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó ń bẹ̀rù ajá bí ẹní ń bẹ̀rù iná. Ẹnu géètì ló ti máa ń kí ìyá, kò sì wọlé rí. Ó dá ọkùnrin náà dúró nígbà tó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fún màmá lábẹ́rẹ́?"

"Rárá."

"Rárá kẹ̀! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára òpó pé ọjọ́ tí ajá bá géni jẹ gan-an lèèyàn ń gba abẹ́rẹ́, pé tí àrùn yẹn bá ti wọlé tán, ó parí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Àbí ẹ gbàgbé ẹ̀ sílé ni?"

"Ó wà nínú báàgì," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Kó tó dé, ife méjì ti máa ń wà lórí tábìlì. Yóò wo bí ajá ṣe ń mu omi, yóò wo ojú rẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá a rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì fún Bámigbé, a fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi yọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jókòó.

"Ìyàwó ńkọ́, dókítà?"

"Ó ti lọ, mà."

"Áà. Ọ̀run ni, àbí ilé bàbá ẹ̀?"

"Ilé ọkọ míì ni."

Ìyá di ẹnu mú. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá sọ fún un pé òun ní ọmọbìnrin kan lókè òkun, pé ó máa ń pè bí ọdún bá yí. Ọkùnrin náà bèèrè orúkọ ọmọ náà. Ìyá sọ ọ́, ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tó ti pẹ́ tí kò pe orúkọ ọ̀hún sókè.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tíì pá ìyá lórí. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ife sì ṣubú. Aránṣọ gbọ́ ọ láti ẹnu géètì.

"Omi ò lọ lọ́fun màmá mọ́! Yéè! Àrùn ajá ti mú wọn!"

"Ẹ̀rín ló pá a lórí," ni ọkùnrin náà wí, ó ń gbá ìyá lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sì yọ abẹ́rẹ́ kankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ mọ́tò lọ sí ilé iṣẹ́ náà, ó wá ọ̀gá àgbà kàn.

"Ọkùnrin yín yẹn fẹ́ pa màmá wa o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, kò fún wọn lábẹ́rẹ́. Tíì ló ń mu kiri."

"Tó bá jẹ́ òótọ́ ni," ni ọ̀gá obìnrin náà wí, "iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹwàá, Bámigbé jẹun tán, ó ju ìrù. Ọkùnrin náà pa fáìlì dé.

"Ara ajá yín le koko, mà. A ti parí."

Ìyá ń ká aṣọ tábìlì. "Kò lè jẹ́ pé àrùn ọ̀hún sá pamọ́ síbì kan?"

"Kò sá pamọ́."

"Eégbọn ńkọ́? Ṣebí ẹ tún ń wádìí eégbọn."

"Eégbọn kan ò sí lára ẹ̀. Ẹ ti fi ìwẹ̀ lé wọn lọ."

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kó ife méjèèjì. Ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó gé yín jẹ mọ́ o. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ kàn pè mí."

Ìyá fa apá aṣọ rẹ̀ bo ọrùn ọwọ́ òsì.

"Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín, dókítà."

Nígbà tó dé ilé iṣẹ́, ọ̀gá ti ń dúró dè é, ìwé tí yóò fi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Kò ní kó jókòó. Ó na ọwọ́, ó gba fáìlì.

Ó ṣí i sí ọjọ́ kìíní, níbi tí ọkùnrin náà ti kọ ọ́ pé: "Mo la ẹnu ajá náà wò, kò sí eyín kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lo ọjọ́ mẹ́wàá náà pé."