Àlejò Tó Gbé Yìnyín Wá

Nírọ̀lẹ́, Dúródọlá ń fi iná jó màkúrì, irin olómi tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ, kúrò lára wúrà tó fọ̀ lódò. Èéfín náà ń rùn bí irin tó dípẹtà.

"Bàbá Ìṣọ̀lá, èéfín yìí ló pa Ìṣọ̀lá," ni Fẹ̀hìntọ́lá, aya rẹ̀, wí, ó fọwọ́ bo oyún inú rẹ̀. Gbígbọ̀n ni ọwọ́ Ìṣọ̀lá ọmọ wọn ń gbọ̀n títí tó fi kú.

"Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, jàre. Ibi tó bá balẹ̀ sí ò kàn wá."

Àwọn ìrẹ̀ dákẹ́ lójijì. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọgbà, ó wọ aṣọ onírun nínú ooru yẹn, ó gbé àwo yìnyín dání. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti Ìṣọ̀lá gẹ́lẹ́.

"Níbo lẹ ti wá?" ni Dúródọlá bi í.

"Ibi tí afẹ́fẹ́ yín ń balẹ̀ sí. Omi tí à ń mu nílé wa nìyí."

Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí ẹni tó ń fúnni lómi ti í ṣe. Itọ́ aláwọ̀ eérú fà láti ètè rẹ̀ wọnú àwo bí ọbẹ̀ ilá.

"Ó ku ẹ̀yin."

Fẹ̀hìntọ́lá, ọmọ tí wọ́n kọ́ yé, kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Dúródọlá gbá àwo náà dànù. Màkúrì yí jáde láti inú yìnyín, ó ń dán bí ojú òkú ẹja. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Dúródọlá.

"Bàbá Ìṣọ̀lá," ni Fẹ̀hìntọ́lá sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "ó ń gun ẹsẹ̀ mi."