Àlejò Kan Nídìí Odó

Láti ìgbà tí ọdún iyán ti di ojoojúmọ́ ní Ìrówò, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kì í jẹ́ kí ọmọ ìlú jáde mọ́. Èyí tó bá sì padà wálé, inú ibẹ̀ ló há sí, torí àwọn ọmọ ìlú gan-an ni àlejò ń wá wò.

Fadérera ń gúnyán lójú agbo nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, Monilọ́lá, tó ti sá lọ sí Òṣogbo, láàárín àwọn àlejò. Ó wọ awò ojú dúdú, ó pọn ọmọ tuntun.

Fadérera bu iyán fún un.

"Mọ̀mọ́," Monilọ́lá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo ní kí ẹ rí ọmọ ni."

Ẹ̀ṣọ́ kan sún mọ́ wọn. "Ìyá, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí ni?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Àlejò ni." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ ọmọ yín?"

"Ìyá mi ni kò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

Fadérera wo ojú ọmọ náà títí. "Ká ní tèmi ni, Àṣàbí ni ǹ bá máa pè é. Ẹ tètè máa lọ, mà. Wọn ò ní pẹ́ ti ẹnubodè."

Monilọ́lá kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún bàtà rẹ̀ ṣe, ó sì jáde.

Ìgbà tí wọ́n ti ẹnubodè lẹ́yìn rẹ̀ ni Fadérera tó mí kanlẹ̀. Ó gbé ọmọ odó.