Aránṣọ Nídìí Ìkòkò

Wọ́n fi aránṣọ sídìí ìkòkò lọ́jọ́ tó dé, wọn ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ilé àdúrà ni ilé náà. Obìnrin nìkan ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ti fi ayé sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa wé ìborí aláwọ̀ eérú. Bí wọ́n bá gbà á tán, á bọ́ sí funfun. Funfun yìí ni aránṣọ ń wá. Ó ti fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyàwó ọmọ sì ti kó ẹrù sí yàrá ìyá ọkọ kí ìyá ọkọ tó dé ìta. Kò síbi tó fẹ́ padà sí.

Ó ń fọ ìkòkò bí ẹni ń bá ìkòkò jà. Á fi eérú ha ìdí wọn títí wọ́n á fi máa dán bíi dígí. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé yẹn tẹ́lẹ̀, ìyìn gan-an wá di ọ̀wọ́n.

Èyí tó ń ká a lára jù ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọdébìnrin tí wọ́n jọ dé. Ọ̀lẹ paraku. Abọ́ tó bá fọ̀, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀; èyí tí ò bá lọ́ràá, ó ti fọ́. Síbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sídìí òdòdó nínú ilé ìsìn. Láti ibẹ̀, ó bọ́ sí yàrá aṣọ, ó tún bọ́ sí ọgbà.

"Àǹtí mi, ẹ ṣì wà níbí?" ló bi aránṣọ lọ́jọ́ kan, ó ń mu ọsàn.

"Kúrò lọ́dọ̀ mi, kí n tó da omi ìkòkò sí ẹ lórí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n fọ̀ jù ni. Ta ló máa gbé yín kúrò níbi tí ẹ ti ń ṣe dáadáa?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé Ẹlẹ́rìn-ín lọ sẹ́nu ọ̀nà, lọ́dọ̀ ìyá aṣọ́bodè. Nígbà tó yá, ẹlòmíì ti jókòó sáyè rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Aránṣọ ti gbọ́ pé wọ́n ní ilé ńlá kan ní ìlú míì. Ó gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Ó sunkún sínú omi ọṣẹ.

Ló bá pa eérú tì. Omi lásán ló fi ń ra ìkòkò lójú. Oúnjẹ àárọ̀ wá ń rùn bí oúnjẹ àná. Ìyá Àgbà, olórí ilé, pè é.

"Ṣé iṣẹ́ yìí ti sú ẹ ni?"

"Ó ti sú mi, Ìyá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú gbangba."

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó mí kanlẹ̀. "Kò burú. Láti ọ̀la, máa lọ sídìí òdòdó."

Inú aránṣọ dùn ṣìnkìn. Ní ilé ìsìn, obìnrin tó ń to òdòdó dì mọ́ ọn. Ní yàrá aṣọ, wọ́n gbàdúrà sí i lórí. Nínú ọgbà, arúgbó tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. "Áà, wọ́n mà fẹ́ràn mi," ni aránṣọ ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. "Ìkòkò yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n rí mi." Ó fi okùn wọn orí ara rẹ̀, kó lè mọ bí funfun ṣe máa fẹ̀ tó.

Nígbà tí wọ́n rán an lọ sẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kó sáré. Ìyá aṣọ́bodè ti ń retí rẹ̀, ó gbé báàgì tí aránṣọ gbé wá láti ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀.

"Ṣé ilé ńlá ni mò ń lọ, Ìyá?"

"Ilé ńlá kẹ̀? Ilé ẹ ni, ọmọ mi," ni ìyá aṣọ́bodè wí, ó ń ṣílẹ̀kùn, "ẹni tí ò bá ní í dúró la máa ń mú yí gbogbo ilé ká, kí kálukú lè dágbére fún un láìdójú tì í, àwọn tí a bá fẹ́ gbà kì í kúrò nídìí ìkòkò títí wọ́n á fi wé funfun, aṣọ funfun tìẹ gan-an, a ti gé e kó o tó ní ó sú ẹ."